Àfòmọ́ Kọ́, Àgbàtọ́ Ni

Àwọn ìwé ìtàn kan wà tí òǹkọ̀wé ń kọ nípa ẹ̀dá-ìtàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni Star Trek, eré onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1966, yóò gba ẹnìkan láàyè pé kó kọ ìrìn-àjò tuntun fún àwọn ènìyàn inú eré náà, yóò yẹ ìwé náà wò kí ó tó jáde, ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni à ń wá, ẹ̀gbọ́n wa kan ní Bódìjà sì dábàá pé kó jẹ́ ìtàn àfòmọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé àwọn onígírámà ti ń lo àfòmọ́ fún ègé ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró, bí “àì” inú “àìsùn”. Ṣùgbọ́n ewéko ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ inú kíláàsì. Lóko kòkó bàbá mi lẹ́bàá Ìdí-Ayùnrẹ́, òdòdó rẹ̀ a máa pọ́n láàárín ewé kòkó, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi sọ pé ó dára. Bí ẹ bá wá wo ẹ̀ka náà kọjá ibi tí àfòmọ́ lẹ̀ mọ́, ẹ óò rí i pé ó ti gbẹ dé ṣóńṣó, nítorí àfòmọ́ ti fa omi tó yẹ kó dé ibẹ̀ mu. Bàbá mi kì í rí i kí wọ́n má mú àdá. Àwọn àgbà náà kúkú ti sọ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan.

Ìwé tí à ń sọ yìí kì í mú igi gbẹ. Ẹ wo Sulu, awakọ̀ òfuurufú inú Star Trek. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni eré náà fún un, títí Vonda N. McIntyre fi pè é ní Hikaru nínú ìwé tó kọ ní 1981. Ní 1991, wọ́n pe orúkọ náà nínú sinimá, láti ìgbà náà ni ó sì ti di orúkọ rẹ̀ pátápátá. Alágbàtọ́ ló sọ ọmọ lórúkọ, tí ilé bàbá ọmọ sì gbà á.

Èmi pẹ̀lú ti kọ́kọ́ ro àgbàkọ, nítorí a ti ní àgbàfọ̀ fún aṣọ. Mo fi í sílẹ̀, nítorí lẹ́tà tí àwọn akọ̀wé ń bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà jẹ́ àgbàkọ, àti pé ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti sọ ìwé olówó iyebíye di àgbákò.

Àgbàtọ́ ló bá a mu. Alágbàtọ́ a máa fún ọmọ lóúnjẹ, a sì máa kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá lè dé lọ́jọ́ kan kó ní òun kò mọ ohun tí ọmọ kọ́ lọ́hùn-ún. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀: ní oṣù kẹrin 2014, àwọn tó ni Star Wars, sinimá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, kéde pé àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣáájú kò sí lára ìtàn gan-an mọ́. Thrawn, ẹ̀dá-ìtàn tí Timothy Zahn dá sínú ìwé ní 1991, bá wọn lọ. Àfi ìgbà tó di 2016 tí wọ́n pè é wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dùn mí fún àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n kàn tún sinimá kọ sínú ìwé kò sí lára irú ìwé tí à ń sọ yìí. Àtúnkọ lásán nìyẹn.

Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé “ìtàn àgbàtọ́” lè dún létí bí ìtàn nípa ọmọ tí a gbà tọ́. Nítorí náà, ìwé àgbàtọ́ ni mo dábàá, kí a sì máa pe ẹni tó kọ ọ́ ní òǹkọ̀wé alágbàtọ́.