Rọ́nwè Àkúrẹ́: mo ti rí ibi tí wàhálà ti wá

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ráhùn níjọ́sí pé nínú X-Plane mi (eré kọ̀ǹpútà tí a fi ń wa bàálù), rọ́nwè 03, ìyẹn ojú ọ̀nà bàálù tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, ni àwọn adarí bàálù inú eré náà ń fún mi ṣáá ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, kódà bí atẹ́gùn òjò bá ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tó yẹ kí n gba 21, òdì kejì rọ́nwè kan náà, balẹ̀. Atẹ́gùn á máa ti bàálù nídìí, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ̀bi mi ni! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ òfin atẹ́gùn sínú WED, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣètò pápákọ̀ òfurufú fún X-Plane. Láti òkè ni X-Plane ti ń ka flow (ètò tó ń sọ rọ́nwè tí wọ́n máa lò) wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá atẹ́gùn mu ló ń mú. Èmi wá gbé 03 sókè téńté, láìfún un ní òfin kankan, gbogbo atẹ́gùn ló sì ń bá a mu. Ta ló tún fẹ́ wo ti ìsàlẹ̀?

Mo ti pààrọ̀ wọn: 21 lókè, fún atẹ́gùn tó bá wá láti ìwọ̀n 120 sí 300 lórí kọ́ńpáàsì; 03 nísàlẹ̀, fún ọyẹ́. Lálẹ́ àná, atẹ́gùn ń fẹ́ láti 230, eré rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì 8, 21 ni wọ́n pè fún mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó ní kí n yọ X-Plane kúrò pátápátá kí n tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó parí.