Ṣé kí àwọn ọmọ máa lo róbọ́ọ̀tì tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ṣe? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Tíṣà Físíìsì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn SS3 tó jáde fi róbọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ fún wa, èyí tó ń tọ ìlà dúdú lórí pátákó funfun. Plywood tí káfíńtà gé, motor méjì, Arduino Uno tó jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí wọn, àti sensor tó ń wo ìlà. Àwọn àbúrò wọn tan án, ó sáré dáadáa nínú kíláàsì. Ó wá di ọjọ́ ìdíje. Fèrèsé gbọ̀ngàn ọ̀hún tóbi, oòrùn ọ̀sán wọlé tààrà. Bí róbọ́ọ̀tì ṣe dé ojú oòrùn, ó fi ìlà sílẹ̀, ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran.

Ohun tó fà á ò le. Sensor yẹn ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa ò rí sílẹ̀, ó sì ń wo èyí tó padà wá. Funfun á dá púpọ̀ padà, dúdú á gbé e mì. Oòrùn náà ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn nínú, dúdú tó wà nínú oòrùn sì lè jọ funfun lójú sensor. Arduino máa ń ka sensor láti 0 dé 1023, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ti kọ 600 sínú kóòdù bí ààlà láàárín funfun àti dúdú. Adájọ́ bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ti rí 600?" Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, sà." Ẹni tó mọ̀dí rẹ̀ ti wà ní yunifásítì!

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní ká da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lọ́dọọdún. Mi ò gbà. Plywood ò ṣẹ̀ wá, káfíńtà ò sì ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A ní kí wọ́n kọ kóòdù tiwọn nìkan. Ní báyìí, kí róbọ́ọ̀tì tó gbéra, á ka funfun, á ka dúdú, á fi àárín méjèèjì ṣe ààlà fúnra rẹ̀.

Ará Oǹdó:
Tíṣà, ẹ jàre. Òbí kan ní mo ń kọ́ ọmọ òun ní jíjí iṣẹ́ wò, torí mo ní kí wọ́n yẹ àwòrán róbọ́ọ̀tì ọdún tó kọjá wò. Mo fi òfin FIRST Robotics Competition hàn án, ìdíje Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń kéde eré tuntun tí àwọn róbọ́ọ̀tì máa ṣe. Ẹ lè lo àwòrán àti kóòdù àtijọ́, bí ẹ bá ti gbé e síta fún gbogbo ayé ṣáájú ìkéde náà. Ohun tẹ́ ẹ ní, alátakò yín náà ní in. Ó dákẹ́. Àmọ́ o, eré ibẹ̀ ń yí padà. Ìdíje tó bá ń ṣe ohun kan náà lọ́dọọdún, àdàkọ lásán ló máa gba ife lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:
Tèmi ò pọ̀. L298N la jogún, òun ló ń darí iná sí motor. Bátìrì 12 volt làwọn ẹ̀gbọ́n lò, wọn ò kọ ọ́ síbì kan. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí a yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù, tí a so pọ̀, làwa ní, bíi 7.4 volt. L298N fúnra rẹ̀ ń jẹ tó 2 volt. Nínú 12, kò hàn. Nínú 7.4, róbọ́ọ̀tì ń rìn bí ẹni tó jẹ iyán yó. TB6612 la fi rọ́pò rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan.

Màmá Ìbejì, Ọbà-Ilé:
Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ mi fi LEGO EV3, róbọ́ọ̀tì àtòpọ̀ ti àwọn ọmọdé, sílẹ̀ fún wọn. Ṣé kò tíì kọjá àsìkò?

Tíṣà Físíìsì:
Rárá, mà. LEGO ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2021, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣe cháàjì rẹ̀, bátìrì AA mẹ́fà náà á gbé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn tò, kí wọ́n tún un tò láìwo àwòrán.