Àwa tá à ń sùn tì aláìsàn, báwo lẹ ṣe ń rí ìsinmi?

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, inú ilé wọn ni mo sì ń gbé. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lu Alhaji tí mò ń tọ́jú, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ wọn ṣe dáadáa sí mi, owó mi kì í pẹ́. Òru ló ń pa mí. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara wọn má bàa di egbò, mo sì ń ṣe é, egbò ò sí lára wọn. Àmọ́ tí mo bá ti yí wọn tán, oorun ò ní kùn mí mọ́. Ìbàdí ń ro mí. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo lè máa po ẹ̀kọ gbígbóná wọn kí omijé kàn máa bọ́. Inú tún ń bí mi sí bàbá tí ò ṣẹ̀ mí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Báwo lẹ ṣe ń rí ìsinmi tí iṣẹ́ ò fi bọ́?

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán
Ọmọ mi, o kú làálàá. Àárẹ̀ ló ń bí ẹkún àti ìbínú yẹn, o ò ya èèyàn burúkú. Mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní wọ́ọ̀dù, ẹni àárọ̀ á lọ, ẹni ọ̀sán á dé, ẹni òru á gbà á. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta lo ń dá ṣe.

Pe àwọn ọmọ Alhaji jókòó, kó o sì dárúkọ ohun tó o fẹ́: òru méjì lọ́sẹ̀ tí ẹlòmíì máa sùn tì wọ́n, àti odindi ọjọ́ kan tó o máa fi jáde. Dárúkọ ọjọ́ náà. Tó o bá kàn ní “ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀”, wọ́n á ní kò burú, ilẹ̀ á mọ́, ìwọ náà lá á tún bá nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti ìbàdí, má fa apá òsì wọn rárá, èjìká apá tó ti rọ kì í pẹ́ yẹ̀. Ṣẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan po sí méjì, tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn láti èjìká dé itan. Aṣọ yẹn ni wàá dì mú. Sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ́kípẹ́kí, gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tẹ orúnkún, kó o wá fi gbogbo ara rọ sẹ́yìn. Béèrè fóòmù tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí pẹ̀lú. Bó bá wà, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín yíyí kan sí èkejì lóru gùn sí i, àmọ́ òun ni kó yẹ ara bàbá wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kó o sì ní kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tìẹ náà.

Abú Mariam
Ẹ ṣeun, Màmá. Ìyá mi lèmi ń tọ́jú. Àbúrò mi máa ń dúró tì wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí n lè lọ àsàlátù, màá sì ra wàrà bọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń tọ́jú bàbá rẹ̀ jọ máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síra lórí WhatsApp lóru. Arábìnrin, ẹ wá ẹnì kan bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tẹ́ aṣọ yẹn, ó rọrùn ju bí mo ṣe ń ṣe é lọ. Màmá, tí wọ́n bá ní àwọn ò lówó ẹni kejì ńkọ́?

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán
Kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa pín òru náà, bàbá wọn ni. Tí ìbínú bá dé débi tí ọwọ́ fẹ́ gbé sókè, rí i pé bàbá ò ní jábọ́, bọ́ síta, kó o pe ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹkún yìí bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí o ò lè jẹun, lọ sílé-ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, lọ́nà Jẹ́bà àtijọ́. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ irú ẹ̀, kì í ṣe ti wèrè nìkan, má tijú. Tí wọ́n bá ti dá ẹ lóhùn nílé, kọ ọ́ síbí fún mi.