Ẹ gbà mí o: nọ́ńbà abẹ́ béèsì nínú sonata Bach

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Mo ń fi fèrè kọ́ sonata Bach ní E minor, BWV 1034 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Bach). Apá tèmi ò burú, àfi Allegro àkọ́kọ́, apá tó ń yára, tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ibi mí sí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi tẹ dùùrù ni wàhálà wà. Ìlà béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) kan ṣoṣo ló wà fún un nínú ìwé wa, pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké: 6, 7, 6 lórí 5. Ó ní kí lọ́wọ́ ọ̀tún òun fẹ́ ṣe! Mo ṣàlàyé pé tó bá rí 6, kó ka béèsì sí ọ̀kan, kó tẹ nóòtì ìkẹta àti ìkẹfà lé e lórí. Ó gbọ́. Àmọ́ nígbà tá a dé Andante, apá tó ń rọra lọ, kọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan pa pọ̀) ló ń gbá lórí gbogbo nóòtì, ó wá dà bí ẹni ń gúnyán.

Ṣé orí ìlù (beat) tó lágbára nìkan ló yẹ kó ti máa tẹ̀ ẹ́? A ò sì rí ẹni tó ń ta sẹ́lò tó máa bá a ta ìlà béèsì náà. Ṣé gìtá béèsì lè dípò rẹ̀, àbí ẹ máa bú mi? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí.