Róbótó kọ́, ròbòtò ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe fọ́ǹtì (àrà tí wọ́n fi ń ya lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà àti ìwé títẹ̀) sísanra wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n fọwọ́ yà bí ẹni ń ṣeré, ní "lẹ́tà róbótó", mo kí yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohùn òkè mẹ́ta lórí ohun tó tóbi? Bíríkítí kéré, bìrìkìtì tóbi, ta ni kò mọ ìyẹn nínú wa? Ojú ọmọ ọwọ́ ló rí róbótó. Lẹ́tà tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnnú pátákó, ròbòtò ni. Ẹnì kan tún kọ "àfọwọ́ya" lánàá. Ya kẹ̀? Ṣé wọ́n fà á ya ni? Àfọwọ́yà!

Ẹ má sì fi fọ́ǹtì Comic Sans ṣe àpẹẹrẹ mọ́. Vincent Connare ṣe é fún Microsoft ní 1994, nígbà tó rí ajá inú ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi lẹ́tà ìwé ìròyìn kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Eré wà níbẹ̀, àmọ́ kò sanra. Cooper Black ni kí ẹ mú wá, èyí tí Oswald Cooper yà ní Chicago, tó jáde ní 1922. Kò ní igun kankan tó mú, ihò inú lẹ́tà o rẹ̀ sì há. Ìyẹn ló fi yẹ pátákó jẹ́léósinmi, páálí kéèkì àti flẹ́ẹ̀sì ìkómọ. Ẹ fi kọ àdírẹ́sì wínníwínní sísàlẹ̀, ihò á dí, a ò ní mọ e yàtọ̀ sí o mọ́. Mo rí irú rẹ̀ lórí flẹ́ẹ̀sì òkú ní òpópónà Táíwò, n'Ílọrin: lẹ́tà ń jó, òkú sùn.

Ẹni tó ní ọmọ Ìlọrin kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ohùn, pé kéú ti dà wá lédè rú: áfáà wa ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá ti gé kálámù fún wàláà ilé kéú mọ ohun tó ń mú lẹ́tà sanra. Bàbá mi ṣe áátíìsì l'Ọ́jà Ọba. Kó tó kun lẹ́tà kan, á ti fi ṣọ́ọ̀kì wá àyè fún àmì ohùn.

Fọ́ǹtì tí ẹ ń gbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ọ wà nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ń lò, Ọ̀ kò dá ní àyè tirẹ̀. Ńṣe là ń gbé ohùn lé Ọ lórí, ẹni tó ya fọ́ǹtì ló sì máa sọ ibi tí ohùn yóò jókòó sí. Bí kò bá ronú kàn án, tí ẹ bá kọ Ọ̀fà, ohùn á lọ sórí f. Lẹ́tà ròbòtò tún le jù, ikùn rẹ̀ á gbé àmì abẹ́ mì. Ará Ọ̀fà kan ní kò burú, pé ta ni kò mọ ìlú òun bí wọ́n bá kọ OFA. Ọfà tí ọdẹ ń ta ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn, ọmọ Ọlọ́fà.

Ẹni tó sì ní "fọ́ǹtì" kì í ṣe Yorùbá, ṣé "lẹ́tà" tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ wá jẹ́ Yorùbá?