Ẹ jọ̀ọ́, níbo l'Ékìtì ni a ti lè rí òkété láàyè ní alẹ́ ọ̀la?

Ọmọ Ìgèdè (4:12 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ ǹ lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí. Àlejò kan ń bọ̀ lọ́la láti Ìbàdàn, kámẹ́rà ló ń gbé bọ̀, òkété ló fẹ́ yà. Kì í ṣe ti orí àtẹ, kì í ṣe ti inú àgò. Láàyè ni, níbi tó ti ń jẹun fúnra rẹ̀. Òru kan péré ló ní. Ibo ni kí n mú un lọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé (4:20)
Apá ibo lẹ wà? Ṣé mọ́tò wà? Ẹ ò sọ bóyá ẹ lè rin ọ̀nà oko lóru. Òkété ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ má wá a lọ sí àárín ẹgàn. Ibi tí oko ẹ̀gẹ́ ti pàdé igbó ni kí ẹ wò, pàápàá bí ọ̀pẹ bá wà níbẹ̀ tí ẹyìn ń já bọ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà lóko, ilé rẹ̀ wà nígbó, ó gbọ́dọ̀ gba ààlà náà kọjá.

Ọdẹ Ìsẹ̀ (4:41)
Ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, lójú ọ̀sán. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ kó tó máa wá òkété, igbó lásán ni yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì sí.

Ẹ wo ìdí ọ̀pẹ, ìdí òkìtì ọ̀gán, abẹ́ gbòǹgbò igi ńlá, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè àkùrọ̀ níbi tí omi ò lè dé. Ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ yí ibẹ̀ ká, ẹ óò rí ìkejì tàbí ìkẹta. Ihò tí òkété ń gbé, ẹnu rẹ̀ máa ń dán nítorí ara tó ń fi rà á lójoojúmọ́. Ẹ óò rí erùpẹ̀ tútù níwájú rẹ̀ àti èkùrọ́ tí wọ́n ti fi eyín họ. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á fi ewé àti erùpẹ̀ dí ẹnu ihò láti inú. Ìyẹn ni pé ó ti wọlé sùn. Bí ẹ bá rí òwú aláǹtakùn lẹ́nu ihò, ẹ kọjá lọ, ẹran kankan ò gba ibẹ̀ lánàá.

Nítorí òru kan lẹ ní, alẹ́ òní ni kí ẹ lọ dán ihò náà wò kí àlejò tó dé. Ẹ jọ eérú, ẹ wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu kọ̀ọ̀kan, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ wá gún igi tín-ín-rín mẹ́ta dábùú ẹnu náà. Láàárọ̀, èyí tí igi rẹ̀ bá ṣubú síta ni ẹran gbà jáde. Ẹ wo ojú ẹsẹ̀ nínú eérú: tiwájú ní ọmọ ìka mẹ́rin, tẹ̀yìn ní márùn-ún.

Ìyá Ìbejì Adó (4:55)
Èmi ò mọ ti kámẹ́rà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà rẹ̀, báwo la ṣe ń lé e kúrò nínú aba iṣu? Iṣu èèbù mi ló ń jẹ.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé (5:03)
Ìyá, ẹ fi páànù yí òpó aba náà ká, ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè láti ilẹ̀, kí ó má rí ibi fi èékánná dì mú. Ẹ ro abẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí kò fẹ́ràn kó la gbangba kọjá. Bí igi tàbí ògiri kan bá fara kan aba náà, ibẹ̀ ló máa gbà.

Ará Ẹ̀fọ̀n (5:10)
Ẹ má mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sídìí ihò kankan! Lọ́dún tó kọjá, mo na ọwọ́ sẹ́nu ihò òkété láti gbé kámẹ́rà kékeré síbẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní ọsibítù, ìka kan ò tíì ká dáadáa títí di òní. Ẹ ní kó lọ yà á nínú àgò.

Bàbá Ọmùò (5:18)
Òótọ́ ni. Paramọ́lẹ̀ kì í gbẹ́ ihò, ti ẹlòmíràn ló ń wọ̀, ọmọ òkété náà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ, kó mú okùn àti abẹ dání. Bó bá ti bu èèyàn jẹ, ẹ so okùn le lókè ojú ibẹ̀, ẹ sín in kí ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò (5:22)
Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Oró paramọ́lẹ̀ ń ba ẹran ara jẹ níbi tó bá dúró sí. Okùn á há oró náà mọ́ ojú kan, á tún dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ọwọ́ tó yẹ kó sàn á wá di èyí tí wọ́n ń gé. Abẹ ńkọ́? Oró yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá bọ̀rọ̀, ẹ óò kàn dá ọgbẹ́ kejì sílẹ̀ ni. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ó tó wú. Ẹ fi igi ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó dá egungun, kó má mira. Kó má fẹsẹ̀ rìn, ẹ gbé e sórí ọ̀kadà láàárín èèyàn méjì. Ẹ pe ọsibítù ṣáájú, ẹ béèrè bóyá oògùn oró ejò wà nílẹ̀, kí ẹ má baà máa ti ọ̀kan lọ sí òmíràn.

Bàbá Ọmùò (5:30)
Okùn yẹn la fi ń gba ẹ̀mí là lábà kí ọsibítù tó dé, ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò (5:33)
Mo gbọ́, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ejò bá bù èèyàn jẹ, oró rẹ̀ kì í wọlé tó bí a ṣe rò, okùn la sì ń kan sáárá sí. Èyí tí oró rẹ̀ wọlé gan-an ni okùn ń bà jẹ́.

Ará Ẹ̀fọ̀n (5:35)
Wọ́n so okùn fún mi. Ìdí tí ìka mi ò fi ká nìyẹn, bí dókítà ṣe sọ.

Ọmọ Ìgèdè (5:41)
Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ibo ni kí n mú un lọ?

Tíṣà Ìlawẹ̀ (5:47)
Ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ibà Lassa wà lára òkété, kí ẹ má sún mọ́ ọn. Eku tó ń gbé ibà Lassa kiri jù ni eku kékeré tí ọmú rẹ̀ pọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys, tó ń wọ inú ilé wá. Òkété kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fọwọ́ kan òkété náà: lọ́dún 2003, àwọn òkété wà lára ẹran tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni àìsàn mpox gbà dé ara àwọn èèyàn lọ́hùn-ún. Wíwò ò lè pa yín lára.

Ọmọ Olósunta (6:02)
Ẹ kó wọn lọ sí igbó ọba ní Ìsẹ̀. Ìnàkí pàápàá wà níbẹ̀.

Ọdẹ Ìsẹ̀ (6:06)
Àbúrò, ẹ ò lè dédé wọ igbó ọba lóru láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, kò sì sí àkókò fún ìyẹn mọ́. Ti ejò, ẹ wọ bàtà òjò tó dé orúnkún, ẹ má na ọwọ́ síbi tí ojú ò rí, ẹ jókòó ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu ihò. Kò sídìí tí ọwọ́ èèyàn fi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ayàwòrán Ìkẹ́rẹ́ (6:30)
Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó béèrè. Òkété ò ríran púpọ̀, imú àti etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ẹ jókòó síbi tí kò ti ní gbé òórùn yín lọ bá a. Kí àlejò má fín lọ́fínńdà. Ẹ fi ọ̀rá pupa ìlọ́po méjì bo ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná funfun ló ń lé e wọlé. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀, ẹ lọ sábẹ́ ibòji.

Bí ó bá rí ẹyìn wẹ́wẹ́, kò ní jẹ ẹ́ níbẹ̀. Á kó o sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi wú bí ẹni tó há iṣu sẹ́nu, á sì sáré lọ sílé. Ẹ óò rí i fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ mú odindi ẹ̀gẹ́ kan, ẹ fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ ní orí méjèèjì, ẹ wá tú ẹyìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún òórùn. Níbẹ̀ ló máa jókòó sí tí á máa họ ọ́. Kámẹ́rà tí a ń so mọ́ igi, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kó jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ẹ gé gbogbo koríko iwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì ni yóò yà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìrù ni ẹ óò fi dá a mọ̀: ìdí rẹ̀ dúdú, ìyókù títí dé ṣóńṣó funfun bíi pé wọ́n rì í bọ ẹfun. Bí ìrù bá kúrú tí irun ara sì le, ọ̀yà ni.

Ọmọ Ìgèdè (8:15 alẹ́)
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Màmá àgbà ní a ò ní lọ sígbó kankan. Òkìtì ìdọ̀tí wà lẹ́yìn ilé wa, ọ̀pẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń wá síbẹ̀ lálaalẹ́. Láti ojú fèrèsé yàrá ni a óò ti yà á.

Ọdẹ Ìsẹ̀ (8:21)
Ó máa ń wá sí ìdí ìdọ̀tí lóòótọ́. Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ láti alẹ́ òní, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má da omi ọṣẹ síbẹ̀ lọ́la.

Ọmọ Ìgèdè (8:24)
Mo ti so ajá. Mo ti wọ́n eérú sí ọ̀nà tó gbà. Ẹ̀gẹ́ kan wà nílẹ̀, èèkàn ni mò ń gbẹ́ lọ́wọ́ báyìí.