Ṣé lóòótọ́ ni pé ọdún 17 péré ni òṣìṣẹ́ Manchester ń lò láyé ní nǹkan bí 1842?

Abẹ̀kẹ́_Onítàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta, mi ò sì lè dá a rò mọ́. Mò ń kà nípa àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ran òwú tí wọ́n ti ń hunṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ijọ́hun, Manchester, Bolton, Preston, Oldham, ọ̀ọ́kán yẹn, mo wá bá ìròyìn tí Edwin Chadwick, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, gbé jáde ní 1842 nípa ìlera àwọn òṣìṣẹ́ pàdé. Ó ní ní Manchester, àwọn ọlọ́lá ń kú ní ọdún 38, àwọn oníṣòwò ní 20, àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìdílé wọn ní 17. Mẹ́tàdínlógún o! Ẹ tún wá wo Rutland tó jẹ́ ìgbèríko, lébìrà ibẹ̀ ń lo 38, iye tí olówó Manchester ń lò gan-an nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 17 lóṣù tó kọjá. Mo kà á tán, mo jókòó, mo ń wò ó níbi tó sùn sí.

Ìbéèrè mi rèé: tó bá jẹ́ 17 ni wọ́n ń kú, ta ló ń bímọ, ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú fákítọ̀rì wọ̀nyẹn? Báwo ni ojúmọ́ kan ṣe ń rí fún wọn, àtàárọ̀ dalẹ́? Tẹ́nì kan bá sì kú, níbo lowó ìsìnkú ti ń wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé "ayé àtijọ́ le" tó máa bá tiẹ̀ lọ.

Baba_Ìṣirò

Abẹ̀kẹ́, o ṣeun tó o béèrè, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi iye yẹn kà. Kì í ṣe pé wọ́n ń pé 17 kí wọ́n tó ṣubú lulẹ̀. Ọjọ́ orí gbogbo àwọn tó kú ni wọ́n rò pọ̀, àtọmọ ọwọ́ àtàgbàlagbà, tí wọ́n wá pín in sí iye òkú. Jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, èèyàn mẹ́fà. Bàbá kú ní 55, ìyá kú ní 40, ọmọ kan ò tíì pé ọdún tó fi lọ, ìkejì lọ ní ọdún 1, ìkẹta ní 2, ìkẹrin ní 4. Rò ó pọ̀, 102 ni. Pín in sí mẹ́fà, 17 ló máa fún ẹ. Kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó kú ní 17. Ikú ọmọ wẹ́wẹ́ ló fa iye yẹn wálẹ̀.

Ohun kejì tún wà. Ìlú tó ń kún lójoojúmọ́ ni Manchester nígbà yẹn, àwọn géńdé àti ọ̀dọ́bìnrin ń ya wọ̀ ọ́ láti ìgbèríko àti láti Ireland, wọ́n dé wọ́n ń bímọ, ibi tí arúgbó ò bá sì ti pọ̀, òkú arúgbó ò lè pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣirò kan tó ń jẹ́ Neison fi ta ko Chadwick ní 1844, ó ní ọ̀nà tó gbà ṣírò ò tọ́, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni torí ìyẹn sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó burú. Ẹ wo Haworth ní Yorkshire, ìlú kékeré, iṣẹ́ irun àgùntàn ni tiwọn. Ní 1850 ìjọba rán Benjamin Babbage lọ wo bí ìlera wọn ṣe rí. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú, ó lé ní 41 tí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣáláńgá 69 péré ló kà ní gbogbo ìlú. Ìtẹ́ òkú wọn ti kún débi pé ó ní kí wọ́n má sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́.

Ìgbẹ́ gbuuru nígbà ooru ló ń pa àwọn ọmọ yẹn jù, àti ikọ́ líle, àti omi tí ò dáa. Kọ́lẹ́rà náà ń wá lóòrèkóòrè, 1832, 1849, 1854, 1866, òun làwọn oníwèé ìròyìn ń pariwo lé lórí. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru kì í lọ kó tó tún padà wá, ọdọọdún ló ń mú tiẹ̀.

Ṣadé_Aláṣọ

Ẹ kú iṣẹ́ Baba. Ẹ jẹ́ n gba apá ti ojúmọ́ yẹn, torí èmi náà ń hunṣọ, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn aṣọ tí wọn ò sọ ti ọwọ́ tó hun ún.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n á ti gbọ́ kó-kó-kó lójú fèrèsé. Ẹnì kan wà ládùúgbò tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa fi ọ̀pá gígùn kan fèrèsé yàrá òkè, ilé dé ilé, kò sì ní kúrò títí wọ́n á fi dá a lóhùn, pẹ́nì díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀, torí ta ló ní aago nígbà yẹn? Wọ́n á wọ bàtà onígi tí wọ́n kan irin sí nídìí, àwọn obìnrin á fi ìborùn borí, gbogbo àdúgbò á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta nìkan tó láti jí ẹni tó bá ṣì ń sùn. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á gé owó ẹ̀.

Nínú ibi ìrànwú, wọ́n máa ń jẹ́ kó gbóná kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lómi nínú, kí òwú má baà máa já. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní mule, ó máa ń lọ síwájú ó máa ń padà sẹ́yìn lórí irin, ọmọdé ló ń rá wọ abẹ́ ẹ̀ lọ gbá òwú tó bá já sílẹ̀, ẹ̀rọ ò sì ní dúró dè é. Ìka ń lọ, irun orí ń wọ inú ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti ń ya òwú ló burú jù fún àyà, eruku òwú á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tó bá di ọdún mélòó kan ẹni náà ò ní lè gun àtẹ̀gùn láìjókòó sinmi.

Tìhunṣọ tún yàtọ̀. Ariwo òfì ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnì kejì, ètè ni wọ́n ń wò láti fi mọ ohun tẹ́nì kan ń sọ, wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀ látìhín sọ́hùn-ún títì láìgbóhùn sókè. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni ti ọ̀kọ̀, ìyẹn igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá láàárín òfì. Tí òwú inú ọ̀kọ̀ bá tán, wọ́n á ki òmíràn sí i, wọ́n á wá fẹnu fa òwú náà jáde lójú ihò. Ọ̀kọ̀ yẹn, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fà á. Ẹ ronú ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ láàárín wọn.

Ti òfin, ní 1833 ni wọ́n sọ pé ọmọ tí ò tíì pé 9 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, tí ọmọ ọdún 9 sí 13 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́, wọ́n wá yan aláyẹ̀wò mẹ́rin. Mẹ́rin fún gbogbo orílẹ̀-èdè! Ní 1844 wọ́n ní kí ọmọ máa fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣiṣẹ́ kó fi ààbọ̀ lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n tún dá ọjọ́ orí padà sí 8. Ọmọ tó ti jí ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ló fẹ́ kọ́ lọ́sàn-án? Orí tábìlì ni wọ́n ń sùn sí. Ní 1847 ni wákàtí mẹ́wàá dé fún àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́.

Òtítọ́_Òdodo

Gbogbo ẹ ló dáa, àmọ́ ẹ ò sọ ti àwọn ìyá. Mo kà á pé wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Godfrey's Cordial, opium, oògùn olóró tó ń kunni lóorun, ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú oje ṣúgà, kí ọmọ lè sùn kó má sunkún. Ọmọ á sùn, kò ní béèrè oúnjẹ, á máa rù títí á fi lọ. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Èmi ò rí bí wọ́n á ṣe di gbogbo ẹ̀ ru fákítọ̀rì.

Ṣadé_Aláṣọ

Òtítọ́, mo gbà pé oògùn yẹn wà, ó sì pa ọmọ púpọ̀, mi ò ní bá ẹ jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ta ni ìyá náà? Obìnrin tó bímọ tó ní láti padà sídìí ẹ̀rọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí tí kò bá padà kò sí búrẹ́dì, ó gbé ọmọ fún ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú ọmọ bíi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ọmú ń kún láyà ẹ̀ níbi iṣẹ́, ọmọ ń mu omi àti búrẹ́dì rírẹ nílé. Ó di 1891 kí òfin tó sọ pé ẹni tó bá bímọ gbọ́dọ̀ sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òfin yẹn ò sì sọ pé kẹ́nikẹ́ni fún un lówó oúnjẹ.

Mo fẹ́ kó o gbọ́ èyí dáadáa. Láàárín 1861 sí 1865, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí òwú wọ Lancashire, ẹkùn tí Manchester wà, fákítọ̀rì tì, ebi wọ̀lú, ọ̀pọ̀ ìdílé ń gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ ọwọ́ á kú bí eṣinṣin. Àwọn dókítà ìgbà yẹn ṣàkíyèsí pé ikú ọmọ ọwọ́ dín kù láwọn ibì kan. Ìyá wà nílé, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ebi ń pa ìyá, ọmọ ń yè. Lẹ́yìn èyí mi ò lè gbọ́ kẹ́nì kan máa bú àwọn obìnrin yẹn.

Òtítọ́_Òdodo

Mi ò mọ ti ogun yẹn rárá. Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo gbà.

Kọ́lá_Leeds

Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Leeds ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn ni mo fẹ́ dáhùn torí mo ti fojú ara mi rí díẹ̀ níbẹ̀. Ìlú irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ ni Leeds jẹ́, tiwọn nínú ìròyìn Chadwick ni 44 fún ọlọ́lá, 27 fún oníṣòwò, 19 fún òṣìṣẹ́.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ju ikú lọ ni kí ìjọba sin wọ́n. Tálákà tí ò ní nǹkan kan, wọ́n á kó o sí pósí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé e sí kòtò kan náà pẹ̀lú àwọn tí ò mọ̀ rí, kò sí orúkọ, kò sí òkúta. Ó tún burú jùyẹn lọ. Òfin kan jáde ní 1832 pé òkú ẹni tó bá kú sí workhouse, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó tálákà sí láti máa ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ, tí ẹbí ò bá wá gbé e, wọ́n lè fún àwọn dókítà kí wọ́n fi máa kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n là á. Wọ́n kúkú mọ̀ nípa òfin yẹn dáadáa.

Torí ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń wọ ẹgbẹ́ ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni agbowó ń wá sẹ́nu ọ̀nà, pẹ́nì kan tàbí ìdajì pẹ́nì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ tuntun náà kì í pẹ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè má jẹun kí wọ́n fara dà á, àmọ́ pẹ́nì yẹn ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí tó bá yẹ̀ gbogbo èyí tí wọ́n ti san sẹ́yìn lè wọmi. Àwọn olówó wá ń sọ pé torí owó yẹn ni òbí kan ṣe ń jẹ́ kọ́mọ kú, débi pé òfin 1875 ní owó tí wọ́n á san lórí ọmọ tí ò tíì pé 5 ò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn mẹ́fà lọ. Ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ níbì kan, mi ò ní sọ pé rárá, àmọ́ èmi gbà pé ẹ̀rù kòtò yẹn ló ń mú wọn san án.

Ìtẹ́ òkú kan wà níbí, ní Beckett Street, 1845 ni wọ́n ṣí i. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Wọ́n ní sàréè kan tí wọ́n ń pè ní sàréè gínì, gínì kan ni owó ẹ̀, ìyẹn ṣílè 21. Òkúta kan, orúkọ kún iwájú ẹ̀, tó o bá lọ sẹ́yìn òkúta náà orúkọ àwọn ẹlòmíràn tún kún ẹ̀yìn, tí wọn ò sì bára wọn tan, ọjọ́ tí wọ́n kú kàn súnmọ́ra ni. Ọmọ oṣù mẹ́rin, ọkùnrin ọdún 52, ọmọ ọdún kan, ọmọ ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, lórí òkúta dé òkúta. Òdìkejì títì gan-an ni workhouse ìlú wà nígbà yẹn, láti 1861. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ń rí ìtẹ́ òkú lójoojúmọ́.

Abẹ̀kẹ́_Onítàn

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ṣàlàyé ìṣirò Baba fún àbúrò mi lánàá, ti èèyàn mẹ́fà yẹn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá tó kú ní 40 yẹn, ṣé òun ló sin àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ìbéèrè kan ló kù: tí ọmọ bá kú lọ́jọ́ Tuesday, ṣé fákítọ̀rì máa ń fún wọn láyè láti sin ín?

Kọ́lá_Leeds

Abẹ̀kẹ́, ẹni tí ò bá wá síbi iṣẹ́ ò ní gbowó ọjọ́ yẹn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ò fi lè sin òkú láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn obìnrin àdúgbò á wá wẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n á fa kọ́tìnì fèrèsé. Ilé tí yàrá ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò ju kan lọ ni o, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ náà ni pósí kékeré yẹn máa wà lórí tábìlì. Láàárọ̀ Wednesday, tí ọ̀pá yẹn bá kan fèrèsé, ìyá á dìde, á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, á lọ síbi iṣẹ́.